Ọwọ́ tó Mọ Ewé, Ojú tó Mọ Ẹ̀jẹ̀

Obìnrin náà kì í dúró wo ewé kó tó mọ̀ ọ́n. Mo ti jókòó tì í lọ́jà Bódè n'Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ púpọ̀, mo sì ti rí bó ṣe ń ki ọwọ́ bọ inú àpò ìdọ̀họ tí omi ń ro lára rẹ̀, tí ojú rẹ̀ wà lára oníbàárà, tí ẹnu rẹ̀ ń dúnàádúrà, tí ọwọ́ yẹn á sì jáde pẹ̀lú ewé tí wọ́n béèrè gan-an. Àtàǹpàkò rẹ̀ ló ń ríran. Á fi ra ẹ̀yìn ewé lẹ́ẹ̀kan péré, ó parí. Irun wẹ́wẹ́ wà lẹ́yìn ewúro tí ojú kì í tètè rí, tí ìka kì í sì í ṣì mú. Etí efinrin rí bí eyín ayùn. Ejìnrìn fẹ́lẹ́, ó tutù, ewé rẹ̀ sì là bí ọwọ́ ọmọ jòjòló tó na gbogbo ìka.

Eléwé ọmọ ni à ń pe àwọn tó ń ṣe irú òwò rẹ̀. Ẹ má ṣe kà wọ́n mọ́ lẹ́kulẹ́ja. Lẹ́kulẹ́ja ń ta èèpo igi, egbò, èso gbígbẹ àti orí ẹran. Ohun tó wà lórí àtẹ rẹ̀ lónìí lè wà níbẹ̀ títí àmọ́dún. Ewé tútù ni ti eléwé ọmọ, ewé tútù sì ti ń kú láti ìgbà tí wọ́n ti já a. Nítorí náà, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ló ti ń tú àwọn ìdì tó dé láti ọ̀nà Omi-Àdìó. Á yọ èyí tó ti ń pọ́n, á ya èyí tí kòkòrò ti jẹ sọ́tọ̀, á wọ́n omi sí ìyókù, á sì tún un dì. Omi yẹn ní ìwọ̀n. Bó bá kéré, ewé á rọ kí oòrùn tó mú. Bó bá pọ̀, inú ìdì á gbóná, ewé á sì rà kó tó di ọ̀sán. Mo bi í pé báwo ló ṣe ń mọ ìwọ̀n náà. Ó ki ọwọ́ mi bọ àárín ìdì kan, ó ní kí n fi í síbẹ̀ díẹ̀. Ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. "Èyí ti fẹ́ bàjẹ́," ló wí, ó sì tú u.

Ìyá mi ló mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé tí àtọ̀gbẹ, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, ti wà lára ìyá mi. Ó ń lo oògùn ọsibítù, ó sì ń mu omi ewé, bí ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń ṣe, yálà wọ́n sọ fún dókítà tàbí wọn ò sọ. Èmi ni mò ń gbé e lọ fún àyẹ̀wò, èmi náà ni mò ń lọ ra ewé. Ní lílọ bíbọ̀ yìí ni mo pàdé obìnrin méjì tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò jẹ́ kí n lè dákẹ́: ìyá eléwé ní Bódè, àti ẹnì kan tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní láàbù kékeré kan nígboro. Wọn kò tíì fojú kan ara wọn rí. Iṣẹ́ kan náà ni mo sì rò pé wọ́n ń ṣe: wọn kì í jẹ́ kí ohun méjì tó jọra gba ipò ara wọn.

Ọjọ́ tí ọmọdékùnrin kan gbé ẹ̀hìn-olobe wá tà ni mo rí iṣẹ́ yẹn kedere. Ewéko kékeré ni ẹ̀hìn-olobe, kì í fi bẹ́ẹ̀ ga ju orúnkún lọ, ẹ̀bá ògiri àti etí ọgbà ló ti ń hù lẹ́yìn òjò. Ẹ yí ẹ̀ka rẹ̀ padà, ẹ ó rí èso wẹ́wẹ́ tó tò sábẹ́ ewé, bí ìgbà tí abiyamọ pọn ọmọ. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Phyllanthus amarus. Ṣùgbọ́n ó ní ìbátan kan, Phyllanthus urinaria, tó jọ ọ́ débi pé ẹni tí kò bá fara balẹ̀ á já méjèèjì mọ́ra wọn. Ìyá eléwé mú ẹ̀ka kan, ó dà á dé, ó sì fi èékánná kan ìdí èso. Èso ẹ̀hìn-olobe gidi ní ọ̀pá tín-ín-rín tó fi so rọ̀, ara rẹ̀ sì ń dán bọ̀rọ́. Ti ìbátan rẹ̀ lẹ̀ mọ́ igi pẹ́kípẹ́kí, ara rẹ̀ rí gbágungbàgun, igi rẹ̀ sì máa ń pọ́n. Ó ya gbogbo ìdì yẹn sí méjì bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, ó sanwó apá kan, ó dá èkejì padà. Ó ní, "Ọmọ mi, èyí kọ́. Ẹ̀yìn ni kí o máa wò, má wojú." Àmì yẹn gan-an ló wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ ewéko fún yíya àwọn méjèèjì. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni ìyá eléwé ti kọ́ ọ, nígbà tí kò tíì ga tó àtẹ.

Pierre Verger, ọmọ Faransé tí wọ́n sọ ní Fátúmbí nígbà tó di babaláwo ní Kétu, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣa irú ìmọ̀ yìí jọ ní Nàìjíríà àti Benin. Ìwé rẹ̀ tó pè ní Ewé jáde lọ́dún 1995, ọdún kan ṣáájú kó tó kú ní Bahia. Ohun tó gbé yọ níbẹ̀ ni pé orúkọ ewé máa ń bá ọfọ̀ rẹ̀ ṣe wẹ́kú. Iṣẹ́ tí a rán ewé sábà máa ń fara pamọ́ sínú ohùn orúkọ rẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, orúkọ nìkan kì í tó ìyá eléwé yìí. Ẹ wò ó nídìí efinrin. Á rún ewé kan láàárín ìka méjì, á gbé e símú, á sì gbé ìdì náà sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Efinrin kan wà tí òórùn rẹ̀ ń ta bíi kànáfùrù. Òmíràn wà tí tirẹ̀ dà bí oògùn ìfọnu. Ewé kan náà ni lójú gbogbo wa, Ocimum gratissimum ni méjèèjì lẹ́nu onímọ̀ ewéko, ṣùgbọ́n òróró inú wọn kò dọ́gba. Eugenol ló pọ̀ nínú ti àkọ́kọ́, ohun kan náà tó ń mú kànáfùrù rùn bó ṣe ń rùn. Thymol ló pọ̀ nínú èkejì. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ní òun fi efinrin wo àrùn, ìbéèrè tó yẹ ká kọ́kọ́ bi í ni ìbéèrè tí ìyá eléwé ti fi imú dáhùn: efinrin wo?

Ibi tí mo fẹ́ràn jù láti wò ó ni ìdí ewúro gbígbo. Kì í ja ewé náà yánnayànna. Á ká a jọ sínú abọ́, á bu omi díẹ̀ lé e, á wá fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, á yí i, á tún tẹ̀ ẹ́, bí ẹni ń fọ aṣọ tí kò fẹ́ kó fàya. Omi á kọ́kọ́ rí bí omi lásán, lẹ́yìn náà á di àwọ̀ ewé, á ṣú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ìhó yẹn ló ń wò. Ti omi kìíní máa ń le, á dúró lórí omi bíi ti ọṣẹ dúdú. Ti omi kejì á rọ̀. Nígbà tó bá máa di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, kò ní fi bẹ́ẹ̀ hó mọ́, ewé náà á sì ti ṣeé sè lọ́bẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnu ẹni á fún pọ̀. Ẹni tó ń sebẹ̀ ń da omi kìíní nù. Ẹni tó ń ṣe oògùn, omi kìíní yẹn gan-an ló ń wá. Ewé kan ṣoṣo ni, abọ́ kan ṣoṣo, ohun tó sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn méjèèjì kò bára mu rárá.

Nígbà tí mo rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní láàbù, ńṣe ni inú mi dùn. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá saponin wà nínú ewé kan, wọ́n á da omi ewé náà sínú ọpọ́n gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á dé e, wọ́n á gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, wọ́n á wá gbé e kalẹ̀ láti wo bóyá ìhó rẹ̀ á dúró. Bó bá dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, saponin wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Látìn fún ọṣẹ ni wọ́n ti fa orúkọ saponin yọ. Ọwọ́ tó wà lẹ́nu abọ́ ní Bódè ti ń ṣe àyẹ̀wò yẹn kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ lórúkọ.

Kíkorò ewúro, saponin nìkan kọ́ ló fà á, àwọn èròjà bíi vernodalin àti vernolide wà nídìí rẹ̀ pẹ̀lú, wọn kì í sì í ṣe ohun eré. Lọ́dún 1987, ní òkè Mahale lórílẹ̀-èdè Tanzania, Michael Huffman àti Mohamedi Seifu Kalunde tẹ̀ lé ìnàkí kan tó ń ṣàìsàn. Ìnàkí náà dé ìdí ewúro, ó ṣẹ́ ẹ̀ka, ó bó èèpo rẹ̀ dànù, ó ju ewé nù, ó sì ń jẹ inú igi náà lẹ́nu, ó ń mu omi rẹ̀. Kò pẹ́ tí ara rẹ̀ fi yá. Kalunde, tó jẹ́ ọmọ Tongwe, mọ igi náà kíá, nítorí oògùn ni nílé wọn náà. Ohun tí mo máa ń rántí jù nínú ìtàn yìí ni èèpo àti ewé tí ìnàkí yẹn jù nù. Inú wọn ni vernodalin pọ̀ sí jù, ó sì lè ṣe ara ní jàǹbá. Ẹranko inú igbó mọ apá tó yẹ kí òun jẹ àti èyí tó yẹ kí òun fi sílẹ̀.

Ó dùn mí pé ilé wa kò mọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìyá mi gbo ewúro fúnra rẹ̀, ó mu ife ńlá kan nínú omi kìíní láìtíì fi oúnjẹ kankan sẹ́nu, lẹ́yìn tó ti lo glibenclamide tó ń lò láàárọ̀. Kó tó di aago mẹ́wàá, ó ń gbọ̀n, òógùn bò ó, ó ń sọ̀rọ̀ tí kò yé ẹnikẹ́ni. A gún un níka, ẹ̀rọ gbé 48 jáde. Nǹkan tó bá ti wálẹ̀ ju 70 lọ lórí ẹ̀rọ yẹn, ewu ni. Ṣúgà tó bá sì já wálẹ̀ lójijì máa ń yára ṣọṣẹ́ ju èyí tó ga lọ. Omi ṣúgà la sáré pò fún un. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ ní Bódè, ìyá eléwé pa ọjà títà tì. "Ṣé ó ti jẹun? Oògùn wo ló lò ṣáájú? Ife wo ló fi mu ún?" Ó bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta yìí léraléra, ó sì ń wò mí bí ẹni tó ba iṣẹ́ òun jẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò ta ewúro fún mi rí láìkọ́kọ́ bi mí bóyá ìyá ti jẹun, kò sì jẹ́ kó kọjá ife kékeré tí wọ́n fi ń mu ọtí.

Metformin, oògùn kejì tí ìyá mi ń lò, ìran ewé ni. Ewéko kan tó ń hù ní Yúróòpù, Galega officinalis, ló ti ṣẹ̀. Èròjà inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní galegine ń mú ṣúgà wálẹ̀, ṣùgbọ́n ó le jù fún ara; àgùntàn tó bá jẹ ewéko náà lè kú. Àwọn onímọ̀ wá ṣe ìbátan rẹ̀ tó rọ̀ jù ú lọ. Dókítà Jean Sterne ní Paris kọ àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ lórí metformin jáde lọ́dún 1957, Amẹ́ríkà kò sì fọwọ́ sí i títí di 1994. Wíwọ̀n àti kíkà púpọ̀ ló wà láàárín ewé yẹn àti oògùn náà.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sórí àjẹsára, nítorí òun ni àwọn tó ń kiri oògùn nínú bọ́ọ̀sì ń pariwo jù. Kò sí ìgò gbogbonìṣe tí kì í gbé àjẹsára sókè lẹ́nu wọn. Ohun tí àtọ̀gbẹ ń ṣe fún àjẹsára kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun ni ọmọ ogun, èyí tó sì máa ń kọ́kọ́ dé ojú ìjà ni neutrophil. Ó ní láti gbóòórùn kòkòrò àrùn, kó rìn lọ bá a, kó gbé e mì, kó sì pa á. Bí ṣúgà bá pọ̀ lẹ́jẹ̀, gbogbo ìṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ló ń falẹ̀. Ìdí rèé tí egbò ẹsẹ̀ kì í fi í tètè jinná lára alátọ̀gbẹ, tí oówo á sì máa yọ léraléra. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, iná kan wà lábẹ́ eérú nínú ara kan náà. Ẹ̀dọ̀ á máa pèsè CRP ju bó ṣe yẹ lọ, ìyẹn èròjà tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní New York lọ́dún 1930 nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí àrùn òtútù àyà ń ṣe. Àwọn èròjà mìíràn bíi IL-6 àti TNF náà á máa ga, bẹ́ẹ̀ ogun kankan kò sí níta. Ara tó ń falẹ̀ níbi tó yẹ kó yára, tó sì ń jó níbi tó yẹ kó sinmi, kí ni a fẹ́ gbé sókè nínú rẹ̀? Bí ewé kan bá ran ọmọ ogun lọ́wọ́ tó tún dá kún iná abẹ́ eérú, èrè wo ló wà níbẹ̀? Àfi kí ẹnì kan kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Obìnrin tó wà ní láàbù ló ń kà wọ́n. Bó bá ti fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò kékeré tó ní ìdérí àwọ̀ pọ́pù, á dojú rẹ̀ dé, á tún yí i padà, bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ, jẹ́jẹ́. Kì í gbọ̀n ọ́n. Sẹ́ẹ̀lì pupa máa ń bẹ́ bí wọ́n bá gbọ̀n ọ́n. Á wá kán ẹ̀jẹ̀ tí kò ju orí ìṣáná lọ sétí síláìdì, á mú síláìdì mìíràn, á dà á ní ìdàgẹ̀rẹ̀, á fi fà sẹ́yìn títí tó fi kan ẹ̀jẹ̀ náà. Ẹ̀jẹ̀ á sáré tẹ̀ lé etí gíláàsì. Níbẹ̀ ló ti ń dá èémí dúró, á wá tì í síwájú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò yára, kò sì falẹ̀. Ohun tó máa ń kù lórí síláìdì rí bí ahọ́n, ó ki nídìí, ó ń fẹ́lẹ́ lọ, orí rẹ̀ sì tú bí ìyẹ́ ẹyẹ. Ó ti fi irú rẹ̀ hàn mí tó bàjẹ́, tó ní ìlà bí ojú tí wọ́n kọ, nítorí pé ọwọ́ gbọ̀n díẹ̀. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹfà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbà.

Kó tó lo síláìdì yẹn, ó ti kọ́kọ́ ka iye. Ẹ̀rọ tó ń kà á láàárín ìṣẹ́jú kan wà nínú igboro yìí, ṣùgbọ́n iná ọba kì í dúró, máíkírósíkóòpù tirẹ̀ sì ní dígí tó ń gba ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé. Á po ẹ̀jẹ̀ ìwọ̀n kan mọ́ omi kíkan aláwọ̀ àlùkò kan títí tó fi di ìlọ́po ogún. Omi náà á fọ́ gbogbo sẹ́ẹ̀lì pupa, á ku funfun nìkan. Á kán an sábẹ́ gíláàsì Neubauer tí wọ́n fín ìlà sí, tí àlàfo abẹ́ rẹ̀ kò ju ìdá mẹ́wàá mìlímítà lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá wọbẹ̀, á fọ gbogbo rẹ̀, á tún un bẹ̀rẹ̀. Igun mẹ́rin ló ń kà. Sẹ́ẹ̀lì tó bá fara kan ìlà òkè tàbí ti òsì, ó wà nínú iye. Èyí tó fara kan ìlà ìsàlẹ̀ tàbí ti ọ̀tún, ó fi í sílẹ̀, kí ẹyọ kan má baà gba orúkọ méjì. Lọ́jọ́ tí mo dúró tì í, 94 ló rí fún ìyá mi. Ó sọ ọ́ di ìlọ́po 50, ó jẹ́ 4,700 nínú ẹ̀kán bíńtín tó jẹ́ mìlímítà kan níbùú, lóòró àti níjìnlẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ló tó kan ahọ́n ẹ̀jẹ̀ náà. Ó ti gbẹ. Ó kán aró Leishman sí i, aró tí dókítà ará Scotland kan tó ń jẹ́ William Leishman gbé jáde lọ́dún 1901, ó dúró díẹ̀, ó bu omi lé e, ó tún dúró. Kò wo aago lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní ojú aró náà ló ń sọ fún òun, nígbà tí awọ tó ń dán bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí rẹ̀. Ó ṣan án, ó kán òróró sí i, ó sì gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ó ń rìn lórí síláìdì náà bí àgbẹ̀ tó ń kọbè: gòkè díẹ̀, ya sápá kan, sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, ya sápá kan, kó má baà padà sórí ilẹ̀ tó ti ro. Neutrophil kò ṣòroó mọ̀. Inú rẹ̀ pín sí ìṣù méjì sí márùn-ún, tó fi okùn tín-ín-rín so mọ́ra. Ti lymphocyte rí róbótó, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún gbogbo ilé rẹ̀. Eosinophil pupa bí epo, ó sábà máa ń pọ̀ bí aràn bá wà nínú. Basophil ṣọ̀wọ́n, ó dúdú bí kóró ìbẹ́pẹ. Ibi tí iṣẹ́ wà ni àárín monocyte àti lymphocyte ńlá. Àwọn méjèèjì tóbi, ojú wọn jọ. Ó yí bọ́tìnnì síwá sẹ́yìn bíńtín, ó ní kí n wá wò ó. "Má wo bó ṣe tóbi. Wo etí rẹ̀." Etí lymphocyte náà wọnú níbi tí sẹ́ẹ̀lì pupa ti fara tì í, ó sì ṣú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Inú monocyte rí bí gíláàsì tí èéfín ti bà. Mo wò ó pẹ́ kí n tó rí i, nígbà tí mo sì rí i tán, ó yà mí lẹ́nu pé n kò tètè rí i.

Nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì funfun tó kà, bẹ̀rẹ̀ láti orí neutrophil: 38, 52, 7, 3, òdo. Bó ṣe tò wọ́n sínú ìwé nìyẹn. Tí a bá ṣírò 38 nínú ọgọ́rùn-ún lára 4,700, neutrophil ìyá mi jẹ́ 1,786. Ọ̀pọ̀ ìwé òkè òkun fi 2,000 ṣe ààlà, ohun tó bá sì dín ní 2,000, wọ́n á kọ ọ́ ní pupa. Kò kọ ọ́ ní pupa. Ó ṣàlàyé fún mi pé ọ̀pọ̀ wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni neutrophil wa kì í pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ara wa sì le koko. Ohun kan tí wọ́n ń pè ní Duffy, tó máa ń wà lára sẹ́ẹ̀lì pupa àwọn mìíràn, kò sí lára tiwa. Ẹnu ọ̀nà yẹn sì ni irú ibà kan, vivax, máa ń gbà wọlé. Àwọn baba ńlá wa ti ilẹ̀kùn, iye neutrophil wa sì wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ọdún 2008 àti 2009 ni àwọn onímọ̀ fi hàn pé jíìnì Duffy ló wà nídìí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ Yorùbá Ìbàdàn sì wà lára ẹ̀jẹ̀ ìran mẹ́rin tí wọ́n kọ́kọ́ fi ya àwòrán jíìnì àgbáyé nínú iṣẹ́ HapMap tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2002. Ó sọ gbogbo èyí láìgbé ojú kúrò lórí ìwé, bí ẹni ń júwe ọ̀nà Mókọ́lá.

Ẹ wá fojú inú wo ẹni tó mu ewúro fún oṣù kan, tó wá lọ ṣe àyẹ̀wò lẹ́yìn rẹ̀ nìkan, tí 1,786 yìí sì jáde. Ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé ààlà òkè òkun á ní ewé ti ń pa ọmọ ogun ara rẹ̀. Ẹni tó ń kiri ìgò á ní ewé ti bu omi pa iná abẹ́ eérú. Àwọn méjèèjì ń tàfà sínú òkùnkùn. Kò sí ẹni tó kà á kó tó mu ún, kò sí ẹgbẹ́ rẹ̀ kankan tí kò mu ún tí a lè fi wé e, kò sì sí ẹni tó mọ̀ bóyá àárọ̀ ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà tàbí alẹ́, bẹ́ẹ̀ iye sẹ́ẹ̀lì funfun ń yí padà láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo.

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ wa ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí ewé wọ̀nyí. Ní Yunifásítì Calabar, wọ́n ti po ewúro mọ́ dóńgóyárò fún eku alátọ̀gbẹ, ṣúgà wọn sì wálẹ̀. Ṣùgbọ́n alloxan tàbí streptozotocin ni wọ́n sábà fi ń sọ eku di alátọ̀gbẹ, oògùn tó ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe insulin. Insulin kò tán lára ìyá mi bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ ni kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ọ̀nà jìn láti ara eku yẹn dé ara rẹ̀. Ṣé a lè rin ọ̀nà náà? A ti rin apá kan irú rẹ̀ rí, lórí àrùn mìíràn. Lọ́dún 1971, Abayomi Sofowora àti Isaacs kọ ọ́ jáde láti Ifẹ̀ pé omi egbò orín àtà ń dá sẹ́ẹ̀lì pupa tó ti tẹ̀ bíi dòjé padà sí bó ṣe yẹ kó rí nínú ìgò àyẹ̀wò. Pákò tí bàbá mi ń run láràárọ̀ ni.

Àyẹ̀wò kan wà tí mo gbà pé Yorùbá ló yẹ kó sọ ọ́ lórúkọ. HbA1c ni wọ́n ń pè é. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Bí ṣúgà bá sì pẹ́ lára sẹ́ẹ̀lì pupa, á lẹ̀ mọ́ ọn, kò ní ṣí mọ́ títí sẹ́ẹ̀lì náà á fi kú ní nǹkan bí 120 ọjọ́. Nítorí náà, ó ń sọ ìtàn oṣù méjì sí mẹ́ta, kò sì ṣeé fi ewúro àárọ̀ ọjọ́ kan tàn jẹ. Obìnrin láàbù yìí kì í wọ̀n ọ́n láìbéèrè jẹnotáìpù ẹni, nítorí pé AS àti SS lè mú kí irú àwọn ẹ̀rọ kan pa irọ́. Ìyá eléwé ń bèèrè bóyá ẹ ti jẹun. Òun ń bèèrè bóyá AA ni yín. Mo fẹ́ràn àwọn obìnrin tó ń bèèrè ìbéèrè kí wọ́n tó na ọwọ́.

Mo mú ìdì efinrin kan lọ fún un lọ́jọ́ kan. Ó rún un láàárín ìka méjì, ó gbé e símú, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Efinrin tiwa n'Íjẹ̀bú kò rùn báyìí." N kò tíì sọ nǹkan kan fún un nípa kànáfùrù àti oògùn ìfọnu.

Lọ́jọ́ kejì, mo ka èsì àyẹ̀wò ìyá mi sétí ìyá eléwé, gbogbo nọ́ńbà rẹ̀. Ó ń to ejìnrìn lọ, n kò sì rò pé ó ń gbọ́. Nígbà tí mo kà á tán, ó dáwọ́ dúró. "Mélòó ni tẹ́lẹ̀?"

N kò ní ti tẹ́lẹ̀. Ohun tó gbé mi padà sí láàbù nìyẹn ní oṣù tó tẹ̀ lé e, lágogo kan náà láàárọ̀, kí ìyá mi tó jẹun, kó tó mu ohunkóhun. Obìnrin náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọwọ́ òsì rẹ̀ ń yí síláìdì, tọ̀tún wà lórí ẹ̀rọ ìkà kékeré tó ní bọ́tìnnì márùn-ún. Kò wo ọwọ́ yẹn rárá. Bọ́tìnnì kan fún neutrophil, kan fún lymphocyte, ó ń tẹ̀ wọ́n bí ẹni ń lu gángan lábẹ́ èémí. Ó dúró lórí ẹyọ kan, ó yí bọ́tìnnì síwá sẹ́yìn, ó wo etí rẹ̀, ó tẹ ti monocyte. Lórí ọgọ́rùn-ún, agogo kékeré tó wà nínú ẹ̀rọ náà dún. Ó kọ nọ́ńbà márùn-ún sílẹ̀, ó fi ìwé rírọ̀ nu òróró kúrò lára lẹ́ńsì, ó sì mú síláìdì tó kàn.